Ìkíni Tó Ṣẹ́kù Sójú Ọ̀nà Ìmùṣin

Ọdún 1987 ni àbúrò mi Theophilus ti ìlú òyìnbó dé, kò sì gbé mọ́tò bọ̀. Gbogbo ọmọ Mòlípa ní Ìjẹ̀bú-Òde tó lọ sí òkè òkun nígbà náà, Peugeot ni wọ́n ń gbé bọ̀ wálé, ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá sì gbé Peugeot a gbé fíríìjì ńlá. Èmi Matilda, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ti sọ fún gbogbo olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní iléèwé pé ẹsẹ̀ mi ti bọ́ lọ́wọ́ rírìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wọ aṣọ tuntun, mo dúró níwájú ilé. Lọ́rìí kan dé, wọ́n já àpótí pákó kan sílẹ̀, Theophilus fi òòlù tú u. Máṣíìnì ló wà níbẹ̀.

Inú bí mi. Mo máa ń tètè bínú, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ṣé nítorí alùpùpù ló ṣe lo gbogbo ọdún wọ̀nyẹn nínú òtútù. Kò tilẹ̀ gbọ́ mi. Ó ń fi aṣọ nu nǹkan náà lára bí ìyá tó ń nu ọmọ tuntun. Kí n má parọ́, ó rẹwà. Ó funfun, ó ní búlúù lára. Gíláàsì kékeré wà níwájú rẹ̀, ike bò ó láti ọrùn dé ikùn, sálẹ́ńsà mẹ́rin tí èéfín ń gbà jáde ló sì ní, méjì nísàlẹ̀, méjì tó yọ jáde lábẹ́ ìjókòó.

"Àwọn ará Japan ló ṣe é," Theophilus wí fún àwọn tó pé jọ. "Ti ìdíje ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, òun ló ń gba ife ẹ̀yẹ kiri ayé. Nígbà tó yá ni wọ́n wá ṣe irú rẹ̀ tí èèyàn lè gùn lójú títì. Wọ́n fi iná sí i, wọ́n fi hóònù sí i, wọ́n fi ibi tí nọ́ńbà máa wà sí i lẹ́yìn kí ọlọ́pàá má baà rí nǹkan sọ. Ṣùgbọ́n ìwà ìdíje ò kúrò lára ẹ̀ o."

Bàbá Simeon, àbúrò bàbá wa, tó jẹ́ olórí ẹbí lẹ́yìn tí bàbá wa kú, fi ọ̀pá rẹ̀ kan táyà. "Ìdíje láti ibo dé ibo?"

"Wọ́n máa ń yí po ni, sà. Ibi tí wọ́n bá ti gbéra náà ni wọ́n máa padà sí."

Bàbá Simeon rò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ká ní wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀," ó wí, "epo ì bá ṣẹ́kù." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣì fẹ́ máa bínú lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Mòlípa kò ti sinmi mọ́. Bí Theophilus bá ta á, èéfín á kọ́kọ́ bo àdúgbò, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ á lọ sókè, á máa han gooro. Bó bá ń lọ, orí tánkì epo ló máa ń da àyà dé, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á ká wọlé, akoto á bò ó lójú àti létí. Kí èèyàn tó pe orúkọ rẹ̀ tán, ó ti kọjá Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìyàwó ni èmi ń wá fún un ní tèmi. Ìyá wa ti fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́ kó tó kú. Mojí Ògúnbánwò, tí a jọ ń kọ́ni ní iléèwé, jẹ́ ọmọ tí ara rẹ̀ balẹ̀, tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí kì í sì í fi ẹ̀gún sọ́rọ̀ bíi tèmi. Mo pè é wá jẹ ìrẹsì nílé wa lọ́jọ́ Àìkú kan. Theophilus rí i, ó bu iyọ̀ sínú tíì, ó sì mu ún tán. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi ti parí.

Wọ́n fẹ́ràn ara wọn gidi. Ṣùgbọ́n Mojí ti sọ ọ̀rọ̀ kan fún un níwájú mi, kò sì rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, bàbá rẹ̀ nìkan ló tọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, tó fi ọkọ́ àti àdá rán an níwèé. "Bí bàbá mi bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a ó fẹ́ra," ó wí. "Bó bá ní rárá, n kò ní bá a jiyàn." Theophilus ní kò sí wàhálà, pé òun mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ mọ ilé wọn, Bàbá Simeon ṣáájú nínú takisí, èmi àti àwọn ìyàwó ilé bá a lọ. Mo bẹ Theophilus kó wọ takisí bí ọmọlúàbí. Ó ní òun kò ní fi ohun tí òun ní pamọ́ fún àna òun, ó gun máṣíìnì tẹ̀ lé wa. Mo sọ fún Bàbá Simeon pé ohun tí ọmọ yìí ní ni yóò ba ohun tó fẹ́ ní jẹ́. Bàbá Simeon ní kí n fi ẹnu mi gbàdúrà.

Bàbá Ògúnbánwò gbà wá tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Àgbẹ̀ ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìdílé Ògún sì ni wọ́n, màrìwò wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Wọ́n gbé omi wá, wọ́n gbé obì wá. Theophilus gbé akoto rẹ̀ sílẹ̀, ó na gbalaja, àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì, gbogbo ilé ń yìn ín. Bàbá fẹ́ ní kó dìde, ojú rẹ̀ bá lọ sára akoto. Bàbá fúnra rẹ̀ dìde, ó jáde lọ wo ìta. Nígbà tó wọlé padà, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Ìwọ lo ni irin tó wà níta yẹn?"

Theophilus ṣì wà nílẹ̀. "Èmi ni, sà."

"Ìwọ náà lo gùn ún kọjá níwájú ulé mi níbí lọ́jọ́ ọjà tó kọjá?"

"Ó ní láti jẹ́ èmi, sà. N kò tíì rí ẹlòmíì tó ní irú ẹ̀."

"Mo dúró létí títì pẹ̀lú usu tí mo hú lóko," Bàbá Ògúnbánwò wí. "O kọjá lára mi. O ò kí mi."

Ta ni yóò sọ fún bàbá ìyàwó pé òun kò rí i? Ojú tì mí débi pé mo ń ka òwú tó wà lára ìró mi.

Bàbá Simeon ló gbìyànjú. "Ẹ má bínú, àna wa. Ẹ tilẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń gun nǹkan yẹn. Ńṣe ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ lórí ẹ̀. Láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé ibí, gbogbo ayé ni ọmọ yìí dọ̀bálẹ̀ fún."

Bàbá Ògúnbánwò wò ó dáadáa. "Tánkì epo ló dọ̀bálẹ̀ fún," ó wí.

Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀, Bàbá Simeon ṣí fìlà. Bàbá náà kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù. "Èyí tó nà sílẹ̀ yìí," ó wí, "nítorí Mojí ló fi nà. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, n kì í ṣe bàbá Mojí lójú ẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó dúró ti usu ni mí. Ìkíni ti ọjọ́ náà ni mo fẹ́. Ojú ọ̀nà ló fi sílẹ̀ sí, ojú ọ̀nà ni kó ti lọ mú un wá fún mi."

A ní kó là á yé wa.

"Lọ́jọ́ Sátidé, kó gbéra láti iwájú ulé tiyín, lórí irin yẹn. Ẹni tó bá jù ú lọ tó bá bá lójú ọ̀nà, ọkùnrin tàbí obìnrin, kó dúró, kó sọ̀kalẹ̀, kó kí i bó ṣe yẹ kó kí i. Kó má fo ẹnì kan. Bó bá kí wọn dé ọ̀dọ̀ mi, a jẹ́ pé ó mọ èèyàn, ká máa sọ̀rọ̀ lọ. Bó bá fo ẹnì kan péré, màá gbọ́, kó má sì wulẹ̀ wá Mojí wá mọ́."

Bàbá Simeon dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Lójú tirẹ̀, ọ̀ràn ti tán. Ta ni kò lè kí èèyàn? Nígbà tí Mojí sìn wá dé ìta, ó súnmọ́ Theophilus, ó ní, "Jọ̀ọ́, má fo ẹnikẹ́ni." Omi wà lójú rẹ̀. Theophilus nìkan ni kò bá wa rẹ́rìn-ín délé.

Nígbà tí a délé ló sọ ohun tó wà ńbẹ̀. "Àǹtí mi, máṣíìnì yìí ò lè rọra lọ."

"Kí ni ìtumọ̀ kò lè rọra?"

"Ó ń jó ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù ni. Bó bá ń sáré, ó ń jó o tán. Bó bá ń falẹ̀, tó ń dúró, tó ń lọ, ọ́ìlì á kún ojú àwọn plọ́ọ̀gì tó ń dá iná sí epo, iná ò ní ràn mọ́. Plọ́ọ̀gì mẹ́rin ló ní. Bí méjì bá ti kú, ó parí nìyẹn."

Mo bi í bóyá ẹni tó ṣe é kò mọ̀ pé èèyàn máa ń kí èèyàn. Ó ní níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ, ẹni tó bá dúró kí ẹnì kan ni yóò gbẹ̀yìn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bọ́dúnrìn, ará Ayépé tó ní Vẹ́sípà kan tó ti gbó, ní kó gun tòun. Vẹ́sípà òun lè dúró kí gbogbo Ìjẹ̀bú, ó ní, dídúró gan-an ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ó tún ní bí kò bá fẹ́ ìyẹn, ọ̀nà oko kan wà tí èèyàn kò pọ̀ níbẹ̀. Theophilus mi orí. "Irin yẹn ni bàbá dárúkọ, ọ̀nà yẹn náà sì ni. Bí mo bá ṣe màgòmágó gba ọmọ ọlọ́mọ, ojú wo ni màá máa fi wo bàbá ẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi ju Peugeot lọ. Mo wọ yàrá lọ, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ tó dára jù.

Lọ́jọ́ Sátidé, a jáde bí oòrùn ṣe yọ. Theophilus wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn Bọ́dúnrìn lórí Vẹ́sípà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Theophilus ta máṣíìnì, èéfín gba gbogbo ojú ilé. Kó tó yí táyà dáadáa, Ìyá Olúyọmí alákàrà wà níwájú agbada rẹ̀. Theophilus pa máṣíìnì, ó sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìdáná, mà." Ìyá náà ní kó pẹ́, ó sì di àkàrà fún un. Ó tún ta á. Ilé kejì, àwọn bíríkìlà. "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ó tún ta á. Ilé kẹta, obìnrin kan ń dirí fún ẹnì kejì. Theophilus dọ̀bálẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ìkíni wọn ti fò ó lórí. Ọdún tó lò nílẹ̀ òkèèrè ti gbọ̀n ọ́n dànù. Mo na ọrùn láti orí Vẹ́sípà, mo ní, "Ojú gbooro!" Ó ní, "Ojú gbooro, mà." Onídìrí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òòyà á yà á."

Nígbà tí a fi máa débi tí àwọn bàbá mẹ́rin kan ti ń ta ayò lábẹ́ igi, oòrùn ti ga. Theophilus rántí tiyẹn fúnra rẹ̀. "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ́." Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé, "Ọ̀ta ní í jẹ́, ọ̀pẹ́ ò gbọdọ̀ fọhùn." Ẹni tí wọ́n ń pa láyò kò fọhùn lóòótọ́. Theophilus kò lè lọ nígbà tí àgbà kan kò tíì jẹ́ ẹ, ó dúró. Bàbá tí wọ́n ń pa láyò ń ro ọmọ ayò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo sánmà, ó ń họ irùngbọ̀n. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ bá a ta á. Nígbà tó rí ọ̀kan jẹ níkẹyìn, ó gbé orí sókè, ó ní, "Wàyí o, ọmọ mi, kú àárọ̀." Ó ti tó ọ̀sán nígbà náà.

Kì í ṣe ìkíni nìkan o. Bí o bá kí àgbà Ìjẹ̀bú, yóò fẹ́ mọ ẹni tó kí òun. "Ọmọ ta ni ẹ́?" Theophilus á ní ọmọ Richard tó ń tẹ̀wé ni. "Richard! Ṣebí òun ló tẹ káàdì ìgbéyàwó mi. Báwo ló wà?" Á ní ó ti kú. Ni wọn yóò bá jókòó, wọn yóò mi orí, wọn yóò sọ irú èèyàn tí bàbá wa jẹ́. Mo gbọ́ ohun tó dára nípa bàbá wa lọ́jọ́ náà ju èyí tí mo gbọ́ nígbà ìsìnkú rẹ̀ lọ. Bàbá kan ní tòótọ́ ni pé ó máa ń bínú, mo sì wá mọ ibi tí mo ti mú tèmi. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tán kò ní jẹ́ kí ọmọ Richard lọ lófìfo. Ọ̀jọ̀jọ̀ níhìn-ín, gàrí tútù àti ẹja lọ́hùn-ún. Ikùn Theophilus yọ, àyà ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo lọ̀ fún un sì ti pọ́n bí ilẹ̀ tó ń dọ̀bálẹ̀ lé.

Máṣíìnì ń wúkọ́. Bí a ṣe jáde kúrò láàárín ìlú, ó kú. Theophilus tú ike ara rẹ̀, ó yọ plọ́ọ̀gì, gbogbo wọn dúdú, wọ́n tutù. Ó fi àwọn tuntun sí i. A kí ìyá oníṣu méjì kan, a kí bàbá kan tó gbé igi, a kí ìmáàmù kan tó ń ti ìsìnkú bọ̀ pẹ̀lú àwọn ará rẹ̀, gbogbo wọn ló sì dàgbà jù ú lọ. Máṣíìnì tún kú, plọ́ọ̀gì tuntun kò sí mọ́. Títì ṣì nà lọ níwájú. Ẹ̀rù bà mí nígbà náà, n kò fi pamọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú kó tó dé, bàbá Mojí lè sọ pé kò wá.

Theophilus di ọwọ́ máṣíìnì mú, ó ń tì í lọ. Nígbàkígbà tó bá sì rí àgbà, á dúró, á gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, á dọ̀bálẹ̀, á tún máa tì í. Òógùn ń kán lára rẹ̀. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n mo ń rántí pé kí n máa wò ó bóyá ó fo ẹnì kan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ṣáájú wa. Àwọn obìnrin tí a kí lọ́nà ti wọ mọ́tò kọjá wa, wọ́n ti rò ó fún gbogbo abúlé tó wà níwájú pé ọmọkùnrin kan ń bọ̀ tó ń kí gbogbo èèyàn nítorí ìyàwó. Ni àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá sétí títì kí ó lè bá wọn níbẹ̀. Wọ́n gbé bàbá arúgbó kan jáde tòun ti àga, ẹni tó ń sùn jẹ́jẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan tí kò ju ẹgbẹ́ mi lọ sáré wọlé lọ wé gèlè kó lè dà bí àgbà. Theophilus kí gbogbo wọn, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ti kí tán, onítọ̀hún á ní, "Kò dára kí ó máa dá a tì," á bá a ti máṣíìnì. Àwọn bàbá aláyò náà lé wa bá nínú ọkọ̀ akérò, wọ́n ní ayò ti sú àwọn. Bọ́dúnrìn pa Vẹ́sípà, àwa méjèèjì sọ̀kalẹ̀, ó gbé e fún ẹnì kan, a wọ àárín ogunlọ́gọ̀. Ẹnì kan dá orin:

"Ó kí mi, mo jẹ́ o,
Ó kí ọ, o jẹ́ o,
Ọmọ tó kí wa, a ó sìn ín délé."

Mo kọ ọ́ títí ohùn mi fi há. Láyé mi, n kò tíì rí máṣíìnì tí wọ́n fi orin tì.

Oòrùn ti ń rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí a wọ Ìmùṣin. Bàbá Ògúnbánwò wà níwájú ilé rẹ̀, ó dúró létí títì lójú ibi tó dúró sí lọ́jọ́ tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Bàbá Simeon, tó ti wọ takisí ṣáájú wa, sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀, pé ó kọ̀ láti jókòó. Ìkọ́kọrẹ́ tí Mojí sè ti tutù. Bàbá ti ń tẹ́tí sí ohùn máṣíìnì, kò gbọ́, ó sì ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ó jọ pé ọkùnrin náà kò ní wá. Mojí ti wọlé lọ dojú bo ibùsùn. Orin wa ló gbọ́ tó fi sáré jáde.

Theophilus gbé máṣíìnì dúró. Ó súnmọ́ bàbá náà, ó nà sílẹ̀ nínú erùpẹ̀. "Ẹ kú ìdúró, sà," ó wí. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Bàbá Ògúnbánwò wo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bi wọ́n pé, "Ó kí yín?" Wọ́n ní ó kí àwọn. Ó bi mí bóyá ó fo ẹnì kan. Mo ní bó bá fo ẹnì kan, kí n má délé. Ó wo àyà ṣẹ́ẹ̀tì náà pẹ́ títí. Ó ní kó dìde. Lẹ́yìn náà ni bàbá rìn kọjá lára rẹ̀ lọ sídìí máṣíìnì, ó gbé ọwọ́ lé tánkì, ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò retí.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ kí i lọ́jọ́ náà," ó wí.

Ó yíjú padà sí wa.

"Irin ni mo bá nílé bàbá mi. Ọkọ́, àdá, ìbọn, mọ́tò, mo ti rí gbogbo ẹ̀. Mo gbọ́ ohùn yìí láti ọ̀nà jíjìn, n kò gbọ́ irin tó han bẹ́ẹ̀ rí. Inú mi dùn, ara mi bù máṣọ. Mo ju usu sílẹ̀, mo bọ́ sójú títì, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo pariwo Ògún yè. Èmi àgbàlagbà. Ó kọjá, kò wẹ̀yìn. Àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú." Ó nu ojú. "Ẹni tí kò bá kí mi, mo lè gbójú fò ó. Èyí tí mo kí tí kò jẹ́, ìyẹn ló dùn mí."

Theophilus tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀, bàbá dì í lápá mú. "Ta á kí n gbọ́," ó wí.

Ní ilé ìdáná Mojí ni àbúrò mi ti nu plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ eérú gbígbóná títí wọ́n fi gbẹ, gbogbo wa sì jókòó yí i ká bí ẹni ń retí iṣu sísun. Ó dá wọn padà, ó fẹsẹ̀ tẹ kííkì, máṣíìnì kò dá a lóhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Èéfín bú jáde, àwọn obìnrin sá, máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í han. Bàbá Ògúnbánwò di etí, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sún kúrò níbẹ̀. Ó bi í pé, "Ibo ni ẹnì kejì ń jókòó sí?"

Theophilus yọ ike kan kúrò lẹ́yìn, ìjókòó tín-ínrín kan wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹbí dìde, wọ́n ní kí bàbá má dán an wò. Bàbá Simeon ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a ń ṣe irú nǹkan báyìí. Bàbá ti ká agbádá, ó ti fi akoto Theophilus dé orí fìlà rẹ̀, ó ti gùn ún. Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Ohùn náà ga sókè, ó ga sí i, wọ́n yí kọ́nà, a kò rí wọn mọ́. Ọkàn mi kò sí lára mi. Bí bàbá yẹn bá já bọ́, gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ òní di asán. Mojí di ọwọ́ mi mú.

Ohùn wọn la kọ́kọ́ gbọ́, kí a tó rí iná iwájú tó ń tàn bọ̀. Wọ́n dúró. Bàbá kò lè sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, èèyàn méjì ló gbé e. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán, ó sì ń rẹ́rìn-ín, omi tí atẹ́gùn fà ń ṣàn lójú rẹ̀. Mojí ní òun kò rí bàbá òun kó jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá Simeon bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Báwo ni ọ̀nà, àna wa?"

"Ọ̀nà wo?" bàbá wí. "N kò rí ọ̀nà. N kò rí igi, n kò rí ilé, n kò rí ọmọ èèyàn kankan." Ó yíjú sí Theophilus, ẹ̀rín rẹ̀ sì rọlẹ̀ díẹ̀. "O ò rí mi lọ́jọ́ náà."

"Mi ò rí yín, sà."

"Mo ti mọ̀ báyìí. Kò sẹ́ni tó lè rí ẹnì kan níbẹ̀."

Ó na ọwọ́, ó pe Mojí. Ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi sínú ọwọ́ Theophilus tó dúdú fún ọ́ìlì, ó sì pa ọwọ́ tirẹ̀ dé e. "Mo fún ọ," ó wí. "Ṣùgbọ́n bó o bá gbé e sẹ́yìn, rọra máa lọ, kí ọmọ mi lè máa rí èèyàn kí."

Mo ti ṣe àmín kí n tó rántí pé kì í ṣe àdúrà ni bàbá ṣe. Gbogbo àwọn tó wà lójú títì bá mi ṣe é.